Ìwé Mẹ́rin tí A Kà ní Ìgbà Òjò

Ní ìgbà òjò tí ó kọjá, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ wà ní ìsinmi tí ẹrẹ̀ kò sì jẹ́ kí ọ̀nà ṣeé rìn, a jókòó ti ìwé mẹ́rin. A kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ọ̀ràn ìwé, bẹ́ẹ̀ ni a kò fi ara wa ṣe adájọ́ lórí àwọn tí ń kọ̀wé. Òǹkàwé lásán ni wá, tí ń kàwé nígbà tí iṣẹ́ bá dilẹ̀, tí ó sì ń fẹ́ láti sọ ohun tí ó rí níbẹ̀ fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Méjì nínú ìwé mẹ́rin náà jẹ́ ìtàn ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́. Méjì yòókù jẹ́ ìtàn àròsọ.

Ohun tí ó mú wa kà wọ́n pọ̀ ni ìbéèrè ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan. A ti ń ka ìwé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ sí etígbọ̀ọ́ kíláàsì rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ní ọjọ́ tí a parí rẹ̀, ọmọ náà na ọwọ́ sókè, ó ní: "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé òótọ́ ni? Bí kì í bá sì í ṣe òótọ́, kí ni ìdí rẹ̀ tí a fi ń kà á ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ, níbi tí ẹ ti ń kọ́ wa pé kí a má ṣe purọ́?" Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó dùn wá láti sọ pé àwa náà rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà jókòó, kò sì bi wá léèrè ohunkóhun mọ́ títí ilé ẹ̀kọ́ fi parí ní sáà náà. Ìgbà tí a dé ilé ni a tó mọ̀ pé kò ṣe àwàdà, àti pé àwa tí a rẹ́rìn-ín kò ní ìdáhùn. Gbèsè ni àròkọ yìí jẹ́, ọmọ náà ni a sì jẹ ẹ́.

Ìwé kìn-ín-ní kò gùn rárá, lẹ́tà ni. Samuel Ajayi Crowther ni ó kọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ilẹ̀ Sàró ní ọdún 1837, nígbà tí kò tí ì di àlùfáà, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè rò pé a óò fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ìwé tí òun àti àlùfáà Schön kọ nípa ìrìn àjò odò Ọya ti ọdún 1841. Nínú lẹ́tà yìí ni ó ti ròyìn bí ogun ṣe kó ìlú Òṣogùn ní ọdún 1821. Òwúrọ̀ ni, a ń tọ́jú oúnjẹ lọ́wọ́ nígbà tí ariwo ogun ta. Baba rẹ̀ sáré wọlé láti wí fún wọn pé kí wọ́n sá, ó sì padà lọ bá àwọn tí ń jà. Wọn kò tún rí i mọ́. Wọ́n mú ọmọ náà, àti ìyá rẹ̀, àti àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin, wọ́n so okùn mọ́ wọn lọ́rùn, wọ́n sì fà wọ́n lọ sí Ìsẹ́yìn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fi í ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin kan. Ẹṣin náà kò tẹ́ ẹni tí ó gbà á wò lọ́rùn, nítorí náà wọ́n dá ẹṣin padà, wọ́n sì dá ọmọ náà padà pẹ̀lú. Kí òǹkàwé dúró díẹ̀ níbi gbólóhùn yìí. Crowther kò fi ẹkún kún un, kò sì ṣépè fún ẹnikẹ́ni. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí a ti í kọ ọjọ́ tí òjò rọ̀.

Ohun méjì mìíràn nínú lẹ́tà náà kò kúrò lọ́kàn wa. Èkíní ni pé nígbà tí ẹ̀rù ń bà á pé a óò tà á fún àwọn Potogí, tí àwọn baba wa ń pè ní Àgùdà, ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láti fi ọ̀já fún ara rẹ̀ lọ́rùn ní òru, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ kò gbà á láti fa ojóbó náà le. Èkejì ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 1822, nígbà tí ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú. Bí wọ́n ti dé inú ọkọ̀ ogun náà, wọ́n rí ẹran tí a so kọ́, wọ́n sì rí ọta àgbá tí a tò jọ. Wọ́n rò pé ẹran ara àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ni a so kọ́, àti pé orí ènìyàn ni àwọn ọta náà. Ìgbà tí ọ̀kan nínú wọn sún mọ́ ọn tí ó rí pátákò ẹlẹ́dẹ̀ ni ọkàn wọn tó balẹ̀.

A bi ara wa léèrè ìdí rẹ̀ tí a fi gba ọkùnrin yìí gbọ́ láìjanpata. Ìdáhùn tí a rí ni èyí: ó ń jẹ́rìí sí ohun tí kò bu iyì kún un. Ẹni tí ń purọ́ kí a lè yìn ín kò ní sọ pé òun fẹ́ pa ara òun tí àyà òun sì já, bẹ́ẹ̀ ni kò ní sọ pé òun rí ẹlẹ́dẹ̀ òun pè é ní ènìyàn. Àwọn tí ó sì mọ ìyókù ìtàn náà mọ̀ pé ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, lẹ́yìn ọdún 25 tí ogun ti tú wọn ká, ó tún fi ojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, àti pé ní ọdún 1848 a ṣe ìrìbọmi fún ìyá náà pẹ̀lú orúkọ Hannah. Bí ẹnì kan bá fi èyí sínú ìtàn àròsọ, àwa òǹkàwé ni a óò kọ́kọ́ wí pé òǹkọ̀wé náà ti sọ àsọdùn.

Ìwé kejì tóbi. Ó lé ní 600 ojú ewé. Òun ni ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́ kọ. A bí i ní Hastings ní ilẹ̀ Sàró ní ọdún 1846, ó ṣe olùkọ́ ní Ìbàdàn, ó sì ṣe oníṣẹ́ àlàáfíà láàárín àwọn ibùdó ogun Kírìjì. Ní ọdún 1886, òun àti Àlùfáà Charles Phillips ni wọ́n lọ láti ibùdó dé ibùdó títí àwọn ìjòyè fi tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn. Ohun tí ó mú un kọ ìwé náà yẹ kí ó wọ àwa olùkọ́ lára. Ó rí i pé àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tí ó kàwé mọ ìtàn Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n mọ ti Róòmù àti ti Gíríìsì, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ohunkóhun nípa ilẹ̀ baba wọn. Ó lọ jókòó ti àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́, ó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn àgbà bíi David Kukomi ní ìjọ Ìbàdàn, Josiah Oni oníṣòwò, àti Lagunju tí í ṣe Tìmì Ẹdẹ. Ní ọdún 1897 ó parí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ìwé náà lẹ́yìn èyí, nítorí kò sí ìtàn àròsọ kan tí a kà ní ìgbà òjò yìí tí ó kó wa láyà sókè tó o. Ní ọdún 1899 a fi ìwé àfọwọ́kọ náà ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó dé ọ̀hún, ó sì sọnù. A kò tún gbúròó rẹ̀ mọ́. Ní ọdún 1901 Johnson kú, kò sì rí ìwé rẹ̀ sójú. Iṣẹ́ ogún ọdún ì bá ti bá a wọ ibojì, bí kì í bá ṣe pé àbúrò rẹ̀, Obadiah Johnson, oníṣègùn, kó àwọn àkọsílẹ̀ tí ó ṣẹ́ kù jọ tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ gbogbo rẹ̀ ní àkọtúnkọ. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1916 òun náà fi í ránṣẹ́ sí òkè òkun nínú ọkọ̀ Appam. Ìgbà ogun ni. Ọkọ̀ ogun Jámánì mú Appam lójú òkun, wọ́n sì wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Ó tó nǹkan bí ọdún méjì kí ìwé náà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn òǹtẹ̀wé. Nígbà tí ó sì dé, bébà ti wọ́n kọjá àlà, wọ́n tún ní kí a dúró. Ní ọdún 1920 Obadiah kú. Ní ọdún 1921 ìwé náà jáde. Ọmọ ìyá méjì ni wọ́n ṣe iṣẹ́ náà, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ó fi ọwọ́ kan èso rẹ̀.

Síbẹ̀, ìfẹ́ tí a ní sí òǹkọ̀wé kò gbọdọ̀ fọ́ wa lójú. Àwọn àgbà wí pé ẹni tí ó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òsìkà ni. Johnson fi ojú Ọ̀yọ́ wo ilẹ̀ Yorùbá. Aláàfin Abíọ́dún ni ó ka ìran ara rẹ̀ sí, lẹ́nu àwọn arọ́kin Aláàfin ni ó sì ti gbọ́ púpọ̀ nínú ohun tí ó kọ. Bí Ẹ̀gbá ni ó kọ ọ́, tàbí Ìjẹ̀bú, tàbí ọmọ Èkìtì tí ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ti jẹ gàba lé lórí, ọ̀pọ̀ ohun ni ì bá yí padà. Bákan náà ni ó gbà pé láti ìhà ìlà-oòrùn, ní apá ilẹ̀ Íjíbítì òkè, ni àwọn baba ńlá wa ti wá. Kò rí ohun tí ó wà nínú ilẹ̀ Ifẹ̀. Ní ọdún 1938, bí àwọn ènìyàn ti ń gbẹ́ ilẹ̀ láti kọ́ ilé ní agbolé Wúnmọníjẹ̀, wọ́n kan àwọn orí idẹ tí ẹwà wọn ya gbogbo ayé lẹ́nu, tí a sì mọ̀ lónìí pé wọ́n ti wà kí òyìnbó tó gúnlẹ̀ sí èbúté wa. Nítorí náà, nígbà tí Johnson bá ń ròyìn ogun tí ó ṣe ojú rẹ̀, a gbà á gbọ́ gidigidi. Nígbà tí ó bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìpilẹ̀ṣẹ̀, a ń tẹ́tí sí i pẹ̀lú ọ̀wọ̀, a sì ń dúró de ẹlẹ́rìí mìíràn.

Ìwé kẹta ni ìtàn ìgbésí ayé Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́. A mọ̀ pé àwọn olùkọ́ kan yóò béèrè ohun tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń wá nínú ìwé ọdọọdún bí èyí, nítorí obìnrin oníṣekúṣe ni ó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń kọ ìtàn ìwé Yorùbá kà á sí ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní èdè wa, kò sì yẹ kí a kọjá rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i. Láti oṣù keje ọdún 1929 títí di oṣù kẹta ọdún 1930, lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó. Obìnrin kan tí ó ti darúgbó, tí àìsàn dá gúnlẹ̀, tí òṣì sì ta, ni ó ń ròyìn bí òun ti fi ẹwà ṣòfò ayé, ó sì ń kìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ pé kí wọ́n má ṣe tẹ̀ lé ipasẹ̀ òun. Ó ń dárúkọ àdúgbò Èkó, ó ń rántí orin tí ó lòde ní ìgbà èwe rẹ̀, ó ń ké pe Ọlọ́run. Àánú ṣe àwọn òǹkàwé. Wọ́n kọ lẹ́tà sí i, àwọn mìíràn sì fi owó ránṣẹ́ kí a fi tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí obìnrin kankan. Isaac B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn náà fúnra rẹ̀, ni ó ń kọ gbogbo rẹ̀, ó sì sọ ọ́ di ìwé ní ọdún 1930.

Kí ni èrò wa? Èdè rẹ̀ dùn, ó sì mú Èkó àtijọ́ wá sí ojú ẹni bí ẹni pé a ń rìn ní òpópó rẹ̀. Ìrora inú rẹ̀ pàápàá kì í ṣe ohun àfiṣeré. Obìnrin tí ó bẹ́ẹ̀ wà nígbà náà, wọ́n sì wà nísinsìnyí. Ṣùgbọ́n ohun méjì kò tẹ́ wa lọ́rùn. Èkíní, nígbà tí Ṣẹ̀gilọlá bá ń ronú pìwà dà, omijé rẹ̀ a máa gbẹ kíákíá bí ó bá ti rántí fàájì àtijọ́. A fẹ́rẹ̀ẹ́ lè wí pé ó ń fi ọwọ́ kan nu ojú, ó sì ń fi èkejì na ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ hàn wá. Èkejì ni ọ̀ràn owó tí àwọn aláàánú fi ránṣẹ́. Ẹni tí ó bá sọ ìtàn àròsọ kò jẹ̀bi. Ẹni tí ó bá sọ ọ́ tí ó sì fi ara pamọ́, tí òtòṣì fi tú owó ìdí aṣọ rẹ̀ nítorí rẹ̀, ó yẹ kí ó bi ọkàn ara rẹ̀ léèrè.

A dé orí ìwé kẹrin, èyí tí ó dá gbogbo ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. D. O. Fagunwa, ọmọ Òkè-Igbó, jẹ́ olùkọ́ bí àwa. Ó fi ìwé rẹ̀ sínú ìdíje kan tí àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ ṣe ní ọdún 1936, ilé ìtẹ̀wé C.M.S. sì tẹ̀ ẹ́ ní ọdún 1938, ọdún kan náà tí a rí àwọn orí Ifẹ̀. Ní ọdún 1968 Wole Soyinka túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Akàrà-ògùn, ọdẹ, wá bá òǹkọ̀wé níbi tí ó jókòó sí, ó ní kí ó mú gègé àti ìwé, kí ó máa kọ ohun tí òun yóò sọ. Ó wọ inú igbó irúnmalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ní ìgbà kẹta, òun àti àwọn akọni ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rìn dé Òkè Láńgbòdó ní iṣẹ́ ọba, wọ́n sì jókòó lẹ́sẹ̀ Ìràgbèje ọlọ́gbọ́n ní ilé olójúle méje.

A kò ní fi àlébù rẹ̀ pamọ́ nítorí pé ó jẹ́ olùkọ́. Ìwàásù rẹ̀ a máa gùn. Nígbà mìíràn, bí ìjà ti ń gbóná ni òǹkọ̀wé yóò dá wa dúró láti gbà wá níyànjú. Iwin kan a sì máa jọ iwin kejì. Ibì kan sì wà tí ó mú wa pa ìwé náà dé. Ní ọjọ́ ìgbéyàwó Kàkó ni ìpè ọba dé. Ìyàwó rẹ̀ dì mọ́ ọn, kò fẹ́ kí ó lọ. Kàkó yọ àdá, ó ṣá a, ó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Irọ́ ni, a mọ̀. Kò sí Kàkó, kò sì sí ìyàwó náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò ń rọ̀ lórí páànù, a bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye àwọn ọkùnrin tí a mọ̀, nínú ìlú àti nínú ìjọ pàápàá, tí wọ́n lọ ṣe iṣẹ́ ńlá fún gbogbo ènìyàn tí ilé wọn sì dàrú lẹ́yìn wọn. A kà á títí, a sì dákẹ́. Ìwé tí kò ní òótọ́ kan nínú kò lè ṣe èyí sí ẹni.

Nísinsìnyí, ìdáhùn wa fún ọmọ náà. Àwọn baba wa kò da ìtàn àti àlọ́ pọ̀. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ pa àlọ́, wọn a kọ́kọ́ ké pé "Ààlọ́ o!", àwọn ọmọ a sì dáhùn pé "Ààlọ̀!" Igbe yìí ni àlà oko. Ẹni tí ó ti dáhùn sí i ti mọ̀ pé ìjàpá yóò sọ̀rọ̀, kò sì sí ẹni tí yóò dìde ní òwúrọ̀ láti lọ san gbèsè ìjàpá. Irọ́ ni kí a pa àlọ́ láìké igbe náà. Fagunwa ké e: ẹni tí ó bá gbọ́ pé irúnmalẹ̀ ń bá ọdẹ jà ti gbọ́ "Ààlọ́ o!" Thomas kò ké e, ìdí nìyí tí owó fi ti àpò àwọn aláàánú jáde. Johnson àti Crowther kò ní ohun tí wọn ń fi igbe ṣe, nítorí ìtàn ni wọ́n ń sọ; ṣùgbọ́n nítorí pé ìtàn ni, ó tọ́ kí a bi wọ́n léèrè ohun tí a kì í bi apàlọ́: Ta ni ń sọ̀rọ̀? Níbo ni ó dúró sí nígbà tí ó rí i? Èrè kí ni yóò jẹ bí a bá gbà á gbọ́? Nítorí náà, ọmọ wa ọ̀wọ́n, Akàrà-ògùn kò gbé ayé rí, olùkọ́ rẹ kò sì purọ́ fún ọ nígbà tí ó ka ìtàn rẹ̀. Ẹ̀bi olùkọ́ rẹ ni pé ó rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa. Ẹ kíyèsí i pé láti ẹnu àwọn àgbà ni ìwé Johnson ti wá, bẹ́ẹ̀ ni Fagunwa fi àgbà ọdẹ kan ṣe ẹni tí ń sọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ń kọ. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àwọn tí wọ́n rí ìgbà tí a kọ́ ilé ẹ̀kọ́ yín, tí wọ́n rántí ẹni tí ó fi ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ àti ẹni tí ó ru omi rẹ̀, ń lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí sáà tuntun bá bẹ̀rẹ̀, ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ yìí: kí ó jókòó ti àgbà kan ní ilé rẹ̀, kí ó béèrè, kí ó kọ ohun tí ó gbọ́, kí ó kọ orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́ àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́. Kí ó sì kọ ọ́ ní ẹ̀dà méjì; ọ̀kan fún ilé, ọ̀kan fún ilé ẹ̀kọ́. Ẹni tí ó bá béèrè ìdí rẹ̀ tí a fi ní méjì, ẹ sọ ìtàn ìwé Johnson fún un.

Bí ọmọ kan bá sì na ọwọ́ sókè tí ó béèrè pé, "Ṣé òótọ́ ni?", ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín.